Ohun tí Ọpọlọ Sọ Lábẹ́ Ọ̀bẹ

Ẹni tó fi ewé bo ẹ̀gbin, kò bá òórùn ṣe àdéhùn. Òtítọ́ kan wà tó ti pẹ́ lábẹ́ aṣọ funfun dókítà, ó ní láti jáde lónìí, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi dùn létí. Dókítà náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, lójú aya, lójú ọkọ, lójú ọmọ, nínú pálọ̀ onílé, ní ọ̀sán gangan. Ohun tó wí lọ́jọ́ náà àti ohun tó gbé e dé ibẹ̀ ni ẹ ó gbọ́. Bí inú bá bí yín, ẹ jẹ́ kó bí yín. Inú tirẹ̀ náà kò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Iṣẹ́ akunilóorun ló ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn, òun ni yóò kọ́kọ́ fi oògùn gbé e sùn, òun ni yóò jókòó tì í lórí títí wọn yóò fi rán ojú ọgbẹ́, òun náà ni yóò sì jí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rọ, nítorí ẹ̀rọ kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju tẹlifíṣọ̀n kékeré lọ. Wọn á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú orí aláìsàn, wọn á fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe. Nọ́ńbà méjì ló ń gbé jáde. Èkíní ń sọ bí oorun ṣe jìn tó, èkejì ń sọ bóyá oògùn ìrora ń ràn án tàbí kò ràn án. Bí nọ́ńbà bá gòkè kọjá ààlà, ẹ̀rọ á figbe ta.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ la inú rẹ̀, oògùn oorun nìkan kọ́ ni wọ́n ń fún un. Wọn á fún un ní ti ìrora, wọn á sì tún fún un ní èyí tó ń dá iṣan ara dúró, kí ikùn má baà le mọ́ oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gba ìkẹta yìí kò lè gbé ìka, kò lè ṣẹ́jú, kò lè ké. Bí oorun bá wá dá lójú rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹlẹ́rọ a máa nàka sókè níbi ìpàdé, a ní, “Ẹnu lè dákẹ́, ara lè dùbúlẹ̀ bí ìtì igi, ọpọlọ kì í bá wọn dákẹ́!” Ó bẹ̀bẹ̀, ó jà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀sìn, kí ilé ìwòsàn náà tó gbà láti ra ẹyọ kan. Nítorí náà, kì í ṣe aláìmọ̀kan ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó mọ̀ jù lọ nínú ilé ló ṣe é.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá kí wọ́n bá òun yọ òkúta inú àpò òróòro. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ọ̀gá dókítà láti ilé ìwòsàn mìíràn wá wo ẹ̀rọ Ẹlẹ́rọ, bóyá àwọn náà á rà á. Wọ́n tò sẹ́yìn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́yìn, ìbòmú ló bo ojú wọn. Ọwọ́-Àwòdì ló di ọ̀bẹ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ abẹ náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹyẹ tó fẹ́ gbé òròmọdìyẹ. Ẹnu rẹ̀ náà yá, kò sì gba ti ẹ̀rọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

Ó ti la ikùn, ó ti ń wá ọ̀nà lọ sídìí ẹ̀dọ̀, nígbà tí nọ́ńbà èkejì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹ̀rọ ké. Ẹlẹ́rọ wo àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ti oògùn lọ sí apá aláìsàn, ó rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ geere. Ó fi kún oògùn ìrora. Nọ́ńbà kò gbà. Dípò kó wálẹ̀, èkíní náà gbéra, ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ń ké, ó ń ké. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wo ẹnì kejì rẹ̀, ó gbé èjìká sókè.

Ọwọ́-Àwòdì kò tilẹ̀ gbé orí. Ó ní, “Ẹlẹ́rọ, jọ̀ọ́, bá mi pa ìyàwó rẹ kejì lẹ́nu mọ́. Ẹjọ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Ẹlẹ́rọ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Lójú àwọn àlejò! Ẹ̀rọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ yìn kárí ìlú ló wá ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó yíjú sí wọn, ó ní irin oníná tí wọ́n fi ń jó ẹnu ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ló ń da ẹ̀rọ láàmú, pé kò sí wàhálà. Irin náà lè dà á láàmú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọwọ́-Àwòdì ti gbé irin náà kalẹ̀ nígbà yẹn, Ẹlẹ́rọ sì rí i pé ó ti gbé e kalẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí, omi kan yọ ní igun ojú obìnrin náà, lábẹ́ bébà tí wọ́n fi lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pa. Ẹlẹ́rọ rí i. Ó mú òwú, ó nù ún. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí! Ènìyàn ń sunkún lábẹ́ ọ̀bẹ, ó nù ún bí ẹni ń nu eruku orí tábìlì, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí àwọn àlejò jáde ló tó gbé aṣọ tó bo apá obìnrin náà sókè. Rọ́bà tín-ín-rín tí oògùn ń gbà kọjá ti yọ níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Oògùn oorun àti oògùn ìrora, inú aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń dà sí láti ìgbà yẹn, aṣọ náà ti rin gbingbin. Oògùn tó ń dá iṣan dúró nìkan ló ti wọ ara rẹ̀ pátápátá kí rọ́bà tó yọ. Ẹlẹ́rọ so rọ́bà pọ̀, ó ti oògùn wọlé, ó sì wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe ń wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kò ṣìnà rárá. Òtítọ́ ló ń pariwo, òun ló fi ọwọ́ dì í lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì àgbà dúró tì í. Ó fi ọwọ́ kan aṣọ tó rin náà, ó wo ojú rẹ̀, ó rọra béèrè pé, “Dókítà, a ò rí nǹkan kan, àbí?”

“A ò rí nǹkan kan,” ni Ẹlẹ́rọ dáhùn. Nọ́ọ̀sì ká aṣọ náà, ó gbé e lọ síbi ìfọṣọ.

Ẹ má tíì bínú tán o. Rọ́bà lè yọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbéraga sì lè di ènìyàn lójú fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tó wá burú jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì nínú wọ́ọ̀dù, nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn ti là, tí ojú òun náà là.

Obìnrin náà ló ránṣẹ́ pè é. Ọkọ rẹ̀, tó ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, “Dókítà, mo jí. Mo jí, ẹ ń gé mi. Mo ń pè yín, ohùn mi ò jáde. Mo ní kí n gbé ìka kékeré, ìka ò gbọ́ tèmi. Nǹkan kan ń ké lókè orí mi, mo ní, ọpẹ́ o, wọ́n á gbọ́. Ọkùnrin kan wá ní kí ẹ pa ìyàwó yín kejì lẹ́nu mọ́, ẹ̀yin ènìyàn rẹ́rìn-ín, nǹkan náà sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nu ojú mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹlẹ́rọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì la ẹnu, ó ní, “Màmá, àlá ni. Oògùn wa a máa fa àlá burúkú.”

Ọkọ mí kanlẹ̀, ìtura dé bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. “Mo sọ fún un! Ìyàwó kejì! Wọ́n tiẹ̀ kun obìnrin yìí lóorun tán, owú ni ó tún ń jẹ!”

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò wo ọkọ rẹ̀. Bí ó ti máa ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dá a lójú ló ṣe fún dókítà. Ó ní, “Ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ.”

Ẹlẹ́rọ wo ojú rẹ̀. Ó tún un sọ. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ rọra gbá ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Àlá ni, Màmá. Ẹ gbàgbé ẹ̀.” Obìnrin náà wò ó títí, ó wá wo ilẹ̀. Ohun kan fọ́ nínú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́rọ rí i bó ṣe fọ́, ó sì jáde lọ fọwọ́.

Ohun tí irọ́ yẹn dá sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́ ọwọ́. Obìnrin náà kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, orí àga ló ń sùn. Bí aṣọ bá kan ojú rẹ̀, a ké. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn tí orí wọn dàrú, ìyẹn pe Ẹlẹ́rọ lórí fóònù, Ẹlẹ́rọ ní àlá ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní oògùn orí. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, “Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ ló ń pa, nígbà tí mi ò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi alára?” Ní gbogbo àkókò yẹn, Ẹlẹ́rọ ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọpọlọ kì í dákẹ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìtìjú kò pa á.

Ìgbà tó yá, kókó kan yọ nínú ìfun obìnrin náà. Wọ́n ní bí wọn kò bá tètè gé e, yóò dí ìfun pa. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun yóò kú pẹ̀lú ojú òun ní lílà. Ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ fi wá bá Ẹlẹ́rọ nílé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti wú.

“Dókítà, ẹ gbà mí. Màmá ò gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ẹ bá wa lọ sílé, kí ẹ tún sọ fún un pé àlá ni. Tó bá tún ti ẹnu yín gbọ́ ọ, bóyá ó máa gbà.”

Ẹlẹ́rọ jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Wọ́n fẹ́ kó tún irọ́ náà pa, kí irọ́ náà lè gba ẹ̀mí là! Ó pe Ọwọ́-Àwòdì. Ìyẹn ní, “Ṣé ó tún ń rò ó ni? Lọ sọ fún un, kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, kí gbogbo wa sinmi.” Ẹlẹ́rọ wọ mọ́tò, ó tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà. Lójú ọ̀nà, irọ́ náà ló ń tò sẹ́nu, kí n má tàn yín.

Wọ́n bá obìnrin náà lórí àga onígi, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan, gbogbo wíńdò ló ṣí sílẹ̀. Ó ti gbẹ. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó na ọwọ́ kí àlejò tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Dókítà, ẹ káàbọ̀ o! Ìyàwó kejì ńkọ́?”

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yẹn gún un tó bẹ́ẹ̀? Ó ti gbọ́ bó ṣe di àwàdà ilé. Ìrora obìnrin kan ni wọ́n fi ń kí àlejò nínú ilé rẹ̀, òun sì ni ó fún wọn ní ẹ̀rín náà. Inú bí i, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó wà. Ẹ̀rọ mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí Màmá gbọ́, a sọ ọ́. Wọ́n jí lábẹ́ ọ̀bẹ, wọ́n ń jẹ ìrora, ẹ̀rọ ń ké pé wọ́n ń jẹ ìrora, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́ torí pé àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rí omijé wọn. Èmi ni mo nù ún. Rọ́bà oògùn ti yọ, mo rí i, mo sì gbé aṣọ tó rin pa mọ́. Ọjọ́ kejì, mo wo ojú wọn, mo ní àlá ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ má pè é ní àṣìṣe fún mi o. Àṣìṣe kì í wo ojú ènìyàn!”

Ọkọ rọra jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọmọ ló kọ́kọ́ ta gìrì, ó sáré dojú kọ dókítà. “Kí lẹ wá ṣe yìí? Mo ní kí ẹ wá gbà á là! Ṣé ó máa gbà láti lọ fún iṣẹ́ abẹ báyìí? Ẹ ti pa á!”

“Fi í sílẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó dìde. Láti ìgbà tó ti mọ Ẹlẹ́rọ, ‘ẹ’ ló ń lò fún un. Lọ́jọ́ náà, ‘ìwọ’ ni.

“Ìwọ ọkùnrin yìí. Ìrora yẹn, mo ti jẹ ẹ́, ó ti tán. Rọ́bà yọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orí mi lo gbà lọ́wọ́ mi. Mo jí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ara mi pé, ṣé wèrè ni mí? Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi ń ka oògùn sí mi lọ́wọ́. O mọ̀. O wà nílé rẹ, ò ń jẹun, o mọ̀!” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ta ló sì ní mi ò ní lọ? Ohun tí gbogbo yín ní kò ṣẹlẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣọ́ ọ kó má tún ṣẹlẹ̀? Ìdí tí mo fi kọ̀ nìyẹn. Ní báyìí tí a ti gbà pé ó ṣẹlẹ̀, a lè ṣọ́ ọ. Màá lọ. Kì í ṣe ìwọ ló máa kùn mí lóorun o. Kì í sì í ṣe ọlọ́wọ́-wàràwàrà yẹn ló máa gé mi.”

Ẹlẹ́rọ bẹ̀bẹ̀ pé kó dárí ji òun. Obìnrin náà ní, “Jáde nílé mi ná. Lọ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó o purọ́ fún.”

Ó lọ. Ó sọ ọ́ fún dókítà tó ń fún obìnrin náà ní oògùn orí, ó sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà sunkún, ó ní lóòótọ́ ni. Ọwọ́-Àwòdì lu tábìlì, ó ní, “O fẹ́ ba gbogbo wa jẹ́ nítorí obìnrin kan!” Ẹlẹ́rọ dá a lóhùn pé, “Obìnrin kan náà la bà jẹ́.” Wọ́n dá Ẹlẹ́rọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kó máa retí ìgbìmọ̀. Kò jiyàn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí Ẹlẹ́rọ ti kọ́ níṣẹ́ ló kun obìnrin náà lóorun fún iṣẹ́ abẹ kejì. Ó yọ apá aláìsàn síta kúrò lábẹ́ aṣọ, kí gbogbo ojú lè máa rí rọ́bà oògùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ẹlẹ́rọ dúró sí. Ní àárín iṣẹ́, ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ké. Ó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́bìnrin náà pé, “Ẹ dúró.” Oníṣẹ́ abẹ dúró. Kò sẹ́ni tó dápàárá. Wọ́n fi kún oògùn ìrora, nọ́ńbà wálẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin náà sì ní, “Ó yá.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rọ fi orí ti ògiri, ó sunkún níbẹ̀, nítorí ohun tó kéré báyẹn ló ṣòro fún un láti ṣe. Nígbà tí obìnrin náà jí, wọ́n bi í ohun tó rántí. Ó ní, “Mo rántí pé ẹ ní kí n mí sínú.”

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, Ẹlẹ́rọ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ òwú tó fi nu omijé sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rọ yìí kò ní sọ yín di ènìyàn rere. Ó lè sọ fún yín pé ẹnì kan ń jẹ ìrora. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bóyá ẹ fẹ́ gbọ́. Bí aláìsàn bá sì jí tó ní òun gbọ́, kí ahọ́n yín gé kí ẹ tó sọ pé àlá ni!”

Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́. “Ọ̀gá, ṣé màmá yẹn ti dárí jì yín?”

“Rárá. Mi ò sì tún bi í mọ́. Àwọn tó ti sọ fún mi ṣáájú rẹ̀ pé àwọn jí lábẹ́ ọ̀bẹ, tí mo ní àlá ni, àwọn ló yẹ kí ẹ béèrè.”

Ẹlẹ́rọ mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ó rìn lọ sí àdúgbò kan tí àwọn ilé rẹ̀ fara kan ara wọn, níbi tí gbẹ́nàgbẹ́nà arúgbó kan ń gbé. Wọ́n ti rẹ́ eegun ìbàdí bàbá náà tipẹ́, kí ẹ̀rọ tó dé, Ẹlẹ́rọ ló sì kùn ún lóorun. Nígbà tó jí, ó ní, “Dókítà, ayùn yín ò mú o. Mo gbọ́ bó ṣe ń fà.” Ẹlẹ́rọ ní àlá ni, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà fi ọ̀pá rìn wá ṣílẹ̀kùn. Ó dá a mọ̀, ó yọ̀ mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rọ ṣí fìlà. “Bàbá, ayùn yẹn. Mo wá bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?”

Ẹ̀rín kúrò lójú arúgbó náà díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún un, ó sì fi ọ̀pá nàka sí àga.

“Ẹ jókòó,” ló wí. “Ó gùn.”